Fáìlì Àǹtí mi wà nílùú ọba, àwa wà ní Ìkòròdú

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé ìsìnkú ìyá wa àgbà. Àǹtí mi, àbúrò màmá mi tó ń ka PhD nílùú ọba, wálé wá sìnkú, báàgì méjì ni wọ́n gbé bọ̀, aṣọ àti ṣokoléètì ló kún inú ẹ̀, láptọ́ọ̀pù tuntun tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún torí wọ́n ní òkú làwọn wá sin, àwọn ò wá ṣiṣẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn òkú ni supervisor wọn bá fi ímeèlì ránṣẹ́ pé òun fẹ́ rí orí kẹrin ìwé náà kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Ọjọ́rú la wà nígbà yẹn.

Mo ní, "Àǹtí, orí kẹrin ọ̀hún dà?"

Wọ́n ní, "Ó wà nínú H."

"H wo, Àǹtí?"

"H tó máa ń wà lórí kọ̀ǹpútà tí mo bá wà ní ọ́fíìsì. Ṣebí ìwọ ni bàbá kọ̀ǹpútà."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ ti délẹ̀. Ọdún méjì ni wọ́n ti ń kó iṣẹ́ wọn sínú H, wọn ò mọ̀ pé H yẹn ò sí nínú kọ̀ǹpútà kankan tí ọwọ́ wọn ń tẹ̀. Inú sáfà ilé ìwé ló wà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí kì í sùn, tí wọ́n tì mọ́nú yàrá kan tí AC ń fẹ́ sí tọ̀sán tòru, tí wọ́n gé àyè inú ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń pín pílọ́ọ̀tì ilẹ̀. Tó o bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ilé ìwé, àyè tìẹ á yọ sí ẹ pẹ̀lú lẹ́tà H tàbí Z tàbí èyí tó bá wù wọ́n, wàá rò pé dráìfù lásán ni. Láptọ́ọ̀pù ẹ lè jóná, olè lè gbé e lọ ní Kẹ́tu, iṣẹ́ ẹ wà níbi tó wà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé o gbọ́dọ̀ lè débẹ̀.

Àwa sì rèé ní Ìkòròdú, lọ́nà Ìgbógbó, pẹ̀lú dátà orí fóònù. Lóòótọ́ èmi ni wọ́n ń pè ní bàbá kọ̀ǹpútà nílé wa, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lápá Agric tí mo ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, ìwé títẹ̀, JAMB àti àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀, torí náà tí rímóòtù tẹlifíṣọ̀n bá bàjẹ́ gan-an èmi ni wọ́n máa pè. Ṣùgbọ́n mi ò ṣe sáfà ilé ìwé rí láyé mi.

Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo tó jẹ́ tiwọn nílé ni èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ kí wọ́n tó rìnrìn àjò, ó ti pẹ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá mi, bátìrì ẹ̀ ti kú pátápátá, tó o bá ti yọ wáyà lára ẹ̀ báyìí, ó ti lọ nìyẹn. Windows 10 ló wà lórí ẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ bátìrì yìí sọ́kàn o, mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ilé ìwé fún wọn ní àdírẹ́sì sáfà náà, ó rí bí `\\safa.ileewe\anti`, mo ti yí i padà o, ẹ má lọ tẹ̀ ẹ́. Inú Chrome ni Àǹtí kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sí, Google sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a bí ẹni ń wá ọmọ tó sọnù lọ́jà. Mo ní rárá, kì í ṣe wẹ́ẹ̀bù, ẹ ṣí fódà kankan, ibi tórúkọ fódà wà lókè ni ẹ tẹ̀ ẹ́ sí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, wọ́n fi ìlà tó dà síwájú sí i, `//`. Kò gbà. Lórí Windows, ìlà tó dà sẹ́yìn ni, `\`, méjì níwájú, ẹyọ kan láàárín. Tí láptọ́ọ̀pù ẹ bá jẹ́ èyí tí wọ́n lò wá láti ìlú ọba, bí èyí tó pọ̀ jù lọ́jà wa ṣe jẹ́, ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà Z nísàlẹ̀ lápá òsì ló máa ń wà, kì í ṣe òkè Enter. Mo ti rí ẹni tó wá a fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

A tẹ̀ ẹ́ dáadáa wàyí. Ìlà àwọ̀ ewé yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í rá pálá lọ lókè fódà, ó rá, ó rá, ó ní òun ò rí ọ̀nà, 0x80070035. A tún tẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà kan náà.

Ṣé ẹ rí i, ọ̀nà tí Windows máa ń gbà bá sáfà fáìlì sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè ní SMB, ilẹ̀kùn tó sì máa ń kàn ni 445. Ilẹ̀kùn yẹn, kò sí ilé ìwé tó mọ ohun tó ń ṣe tó máa ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹ rántí WannaCry, oṣù karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò tó ń ti fáìlì èèyàn pa tó sì ń bèèrè owó, ẹ̀yà SMB àkọ́kọ́ tó ti gbó ló gbà wọlé, ó wọ ọsibítù káàkiri ìlú ọba débi tí wọ́n ń dá aláìsàn padà sílé. Ohun tó dùn mí nínú ìtàn yẹn ni pé Microsoft ti gbé oògùn ẹ̀ jáde látoṣù kẹta, àwọn èèyàn ò kàn lò ó ni. Látìgbà yẹn, bí ọjọ́ tí Magbo bá jáde ní Ìkòròdú, tí obìnrin gbogbo ti wọlé tilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ni 445 ṣe rí sí ẹni tó bá ń tìta bọ̀. Ẹlòmíì á sì tún sọ fún ẹ pé lọ síbi Windows Features kó o tan SMB 1.0 padà, pé á gbà. Má dá a lóhùn. Windows fúnra ẹ̀ ló yọ ọ́ kúrò látọdún 2017 yẹn, nítorí kí ni wàá ṣe lọ fọwọ́ ara ẹ ṣílẹ̀kùn fólè?

Ohun tó kù ni VPN. Ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà ẹ á gba abẹ́lẹ̀ lọ, á jáde sínú ọgbà ilé ìwé, sáfà á sì rí i bí ẹni tó jókòó sí láíbìrì wọn. Àwọn tó ń rí sí kọ̀ǹpútà nílé ìwé Àǹtí dá ímeèlì padà láàárín wákàtí kan, wọ́n fún wa ní línkì, a daunlóòdù VPN náà nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, a fi sórí láptọ́ọ̀pù, a sì ń múra láti tàn án ni wọ́n bá mú iná lọ. Láptọ́ọ̀pù kú lójú ẹsẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ò ní epo, ìsìnkú ti gbé gbogbo ẹ̀ mì. A sùn.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ iná dé, a tan láptọ́ọ̀pù, mo so ó mọ́ hotspot fóònù mi, Àǹtí tẹ VPN, ó ní òun ò fọkàn tán sáfà tí òun ń bá sọ̀rọ̀, ìwé ẹ̀rí ẹ̀ ò dáa. Kí lèyí? Ṣebí ilé ìwé tìẹ ni! Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Ẹ mọ̀ pé tí nǹkan ò bá ti yé wa, nẹ́tíwọ̀kì ni. Mo pààrọ̀ síìmù. Mo gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ síbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, mo gbé láptọ́ọ̀pù dání, Àǹtí gbé wáyà iná tẹ̀ lé mi bí ẹni gbé ìru ẹ̀wù ìyàwó. Ohun kan náà ló ń sọ. Mo yọ VPN kúrò, mo tún un fi sí i látinú ohun tá a ti daunlóòdù tẹ́lẹ̀. Ohun kan náà. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú mi bí ẹni pé mi ò lọ ilé ìwé.

Ọ̀sán ni mo wá ronú pé jẹ́ n dán an wò lórí láptọ́ọ̀pù tèmi. Ubuntu ni mò ń lò, irú Linux kan tó ń ṣe iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, wọ́n ní VPN tiẹ̀ náà. Àǹtí tẹ orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù wọn fúnra wọn, wọ́n mú nọ́ńbà mẹ́fà tó ń yí padà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá látorí fóònù wọn, ó wọlé wẹ́rẹ́! Hotspot kan náà o, síìmù kan náà, orí àga kan náà. Mo ṣí fódà, mo tẹ `smb://` àti àdírẹ́sì yẹn, lórí Ubuntu ìlà tó dà síwájú ni tiẹ̀, Mac náà bẹ́ẹ̀, fódà Àǹtí yọ, Chapter 4 wà níbẹ̀ bí ọmọ tó ń dúró de ìyá ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n yà díẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe Windows lè máa sọ èdè SMB bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ Samba, akẹ́kọ̀ọ́ PhD ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Andrew Tridgell, ní Ọsirélíà, ní nǹkan bí ọdún 1992. Nígbà tó yá, ó fi so Windows ìyàwó ẹ̀ mọ́ Linux tiẹ̀ nínú ilé. Orúkọ tó kọ́kọ́ fún un, ilé iṣẹ́ kan ti ní in, ló bá ní kí kọ̀ǹpútà bá òun wá ọ̀rọ̀ tí S, M àti B wà nínú ẹ̀ bó ṣe tò tẹ̀ léra nínú ìwé atúmọ̀, samba wà nínú ohun tó jáde. Mo sọ ìtàn yìí fún Àǹtí pé ẹni bíi tiyín ló ṣe é. Wọ́n ní kí n gbé orí kẹrin wá o jàre.

Ẹ máa ní kí ló dé tá ò kàn ṣe é lórí tèmi. A gbìyànjú ẹ̀. LibreOffice, tó dúró fún Word lórí Ubuntu mi, ṣí fáìlì náà, gbogbo tábìlì tú ká, àwọn ìwé tí wọ́n tọ́ka sí nísàlẹ̀ di bátabàta, Àǹtí pariwo débi tí màmá mi fi jáde látinú kíṣìnì. Mo pa á láìṣe sefu.

Ṣùgbọ́n mo ti mọ nǹkan kan wàyí: nẹ́tíwọ̀kì ò jẹ̀bi. Láptọ́ọ̀pù Àǹtí ló ní nǹkan lára tí tèmi ò ní. Mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mò ń wò ó látòkè dé ìsàlẹ̀, ìgbà tí mo dé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ni mo rí i. 01/01/2015.

Háà.

Bátìrì kékeré kan wà lára bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà, roboto bíi kọ́bọ̀, òun ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rántí ọjọ́ nígbà tí kò bá sí iná rárá. Ti láptọ́ọ̀pù yìí ti ń kú lọ, alẹ́ Ọjọ́rú yẹn ló wá kú tán. Bátìrì ńlá náà ti kú. Tí wọ́n bá wá mú iná lọ, bí wọ́n ṣe mú un lọ lálẹ́ Ọjọ́rú yẹn, kò sí ohun tó ń bá a ka ọjọ́ mọ́, á padà sí 2015. Ìwé ẹ̀rí tí sáfà VPN máa ń fi hàn, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí wà lára ẹ̀. Láptọ́ọ̀pù rò pé 2015 la wà, ó wo ìwé tí wọ́n ṣe ní àìpẹ́ yìí, ó ní wọn ò tíì bí ẹni yìí, òun ò lè bá a sọ̀rọ̀. Kò purọ́. Ká ní a ṣí wẹ́ẹ̀bù kankan lórí ẹ̀ láàárọ̀ yẹn ni, Chrome ì bá ti sọ fún wa pé aago wa ò tọ̀nà, ṣùgbọ́n orí fóònù la ti ń ka gbogbo ímeèlì.

Mo fọwọ́ tún ọjọ́ àti aago ṣe. Mo tẹ VPN. Ó wọlé.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Sáfà ní ká mú orúkọ wá, Àǹtí tẹ orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù, ó ní kò tọ̀nà. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́, wọ́n bínú tẹ̀ ẹ́, lẹ́ẹ̀karùn-ún ilé ìwé ti akáùntì wọn pa fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. A lọ jẹ ẹ̀bà. Nígbà tá à ń jẹun lọ́wọ́ ni mo ka ímeèlì ilé ìwé yẹn dáadáa, ó ti wà níbẹ̀ látàárọ̀ àná. Kọ̀ǹpútà ilé ìwé mọ ìdílé tó ti wá, ìyẹn agbo kọ̀ǹpútà ilé ìwé tí wọ́n ń pè ní domain, láptọ́ọ̀pù ara ẹni ò mọ̀, tó o bá kọ orúkọ ẹ nìkan, Windows lè fi orúkọ láptọ́ọ̀pù fúnra ẹ̀ síwájú ẹ̀, sáfà á ní ta nìyẹn? Orúkọ ìdílé lo máa kọ́kọ́ kọ, bíi `ILEEWE\anti`. Lórí This PC, ibi Map network drive, o máa mú lẹ́tà tó o fẹ́, wàá kọ àdírẹ́sì, wàá máàkì ibi tó ní kó o lo orúkọ mìíràn, Connect using different credentials, tó ò bá máàkì ẹ̀ orúkọ tó o fi tan láptọ́ọ̀pù ló máa gbé lọ bá wọn. Tó bá sì ń ṣàròyé pé o ti wọlé tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú orúkọ mìíràn, nọ́ńbà 1219, ṣí Command Prompt, ibi dúdú tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí, kọ `net use * /delete`, kó o bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Aago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́bọ̀, H yọ. Àǹtí dìde, wọ́n jó díẹ̀.

Ó lọ́ra o. Chapter 4 ṣí lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. SMB jẹ́ ẹlẹ́nu púpọ̀, gbogbo nǹkan kékeré ló máa ń bèèrè lọ́wọ́ sáfà, tó bá jẹ́ inú ọgbà kan náà lẹ wà kò sí ìṣòro, ṣùgbọ́n láti Ìkòròdú dé ìlú ọba, ńṣe ló dà bí ẹni lọ sí Mile 12 lọ ra ata, ó délé, ó padà lọ ra àlùbọ́sà, ó délé, ó tún padà lọ ra tàtàṣé. Mo ní kí Àǹtí gbé fáìlì náà sórí Desktop, kí wọ́n ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n dá a padà tí wọ́n bá parí. Wọn ò gbọ́. Wọ́n ní inú H làwọn máa ń ṣe é.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, wọ́n mú iná lọ.

Ó tó wákàtí kan kó tó dé. Mo tún ọjọ́ ṣe (2015 ti padà wá kí wa), VPN, nọ́ńbà mẹ́fà, H. Àǹtí tẹ Chapter 4, Word ní ẹnì kan ń lò ó lọ́wọ́, wọ́n lè kà á ṣùgbọ́n wọn ò lè kọ nǹkan kan sí i. Àǹtí dìde dúró. "Ta ló ń lo fáìlì mi láàjìn báyìí?" Mo sún mọ́ ọn, mo ka orúkọ ẹni náà. Orúkọ tiwọn ni. Sáfà ò mọ̀ pé wọ́n ti mú iná lọ ní Ìgbógbó, ó rò pé Àǹtí tàkọ́kọ́ ṣì jókòó síbẹ̀. Fáìlì kékeré kan máa ń wà nínú fódà náà tórúkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `~$`, Word ló ń fi í ṣe àmì pé àyè yìí ní ẹni. A dúró díẹ̀, mo pa ìyẹn rẹ́, ó ṣí. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n gbé e sórí Desktop láìjẹ́ pé mo tún sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni iṣẹ́ ń lọ dáadáa, títí di aago mẹ́rin ààbọ̀. Wọ́n ti parí, wọ́n dá fáìlì náà padà sí H, wọ́n pa ti Desktop rẹ́ kí ilé lè mọ́, wọ́n tún sọ Recycle Bin nù pátá. Kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, wọ́n ní àwọn ń tún fódà ṣe, wọ́n ń pa àwọn Chapter 4 àtijọ́ rẹ́, chapter4_new, chapter4_new2, chapter4_gidi. Wọ́n pa ọ̀kan jù.

Wọ́n ní, "Kò burú, ó wà nínú Recycle Bin."

Kò sí níbẹ̀. Ohun tó o bá pa rẹ́ lórí sáfà kì í gba Recycle Bin kọjá, ó ti lọ nìyẹn, Windows tiẹ̀ ti bi wọ́n bóyá ó dá wọn lójú kó parẹ́ pátápátá, wọ́n ti tẹ Yes láìkà á. Àǹtí ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń wo ògiri. Mi ò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí, kódà níbi sàréè.

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mo fi ọwọ́ ọ̀tún kílíìkì fódà náà, Properties, Previous Versions. Kì í ṣe gbogbo sáfà ló ní nǹkan kan níbẹ̀, ó dá lórí ẹni tó tò ó. Tiwọn ní. Ìlà mẹ́rin, fódà náà bó ṣe rí lọ́jọ́ mẹ́rin, èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ti ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an, aago méjìlá. Mo ṣí i, chapter4_gidi wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n tàná ni, iṣẹ́ àárọ̀ yẹn ò sí nínú ẹ̀ torí orí Desktop ni wọ́n ti ń ṣe é nígbà tí sáfà ya àwòrán aago méjìlá. Ojú ìwé mẹ́ta. Wọ́n tún un tẹ̀, èmi ń kà fún wọn látinú ìwé tí wọ́n fi bírò kọ, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, màmá mi ń bu omi fún wa mu bí ẹni ń tọ́jú agbẹ́gilódò.

Kí àṣírí yìí má tú síta o: èmi tí mo gbà wọ́n nímọ̀ràn Desktop yẹn náà ni wọ́n bú. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá tiwa ni ó lọ, márùn-ún ku mọ́kànlá tiwọn, oṣù kọkànlá ni, wákàtí kan la fi ṣáájú wọn. Supervisor dáhùn lọ́jọ́ Mọ́ńdè pé òun ò tíì ráyè wò ó.

Àárọ̀ Sátidé mo gbé láptọ́ọ̀pù náà lọ bá bọ̀dá kan tó ń tún un ṣe ní Sábó. Wọ́n tú u, wọ́n fa bátìrì bíńtín náà jáde pẹ̀lú wáyà pupa àti dúdú lára ẹ̀, wọ́n fi tuntun sí i. Mo yọ wáyà iná, mo dúró, mo tún un tàn. Ọjọ́ pé. Bọ̀dá yẹn bi mí pé kí ni mò ń fi láptọ́ọ̀pù tó ti gbó báyìí ṣe. Mo ní PhD.